Ìwé Tí Ẹ Fi Ṣòkòtò Mẹ́ta Gbà fún Mi

                                                  Yàrá Kejìdínlógún,
                                                  Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin,
                                                  Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìkàwé.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ ooru. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ kí n tó kí yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Ìgbàkígbà tí mo bá sì fi ìkíni ṣíwájú, ìkíni á gùn títí á fi kan ìsàlẹ̀ ìwé, màá wá rí i pé kò sí ààyè mọ́ fún ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé. Nítorí náà mo ti sọ ọ́ báyìí. Máàkì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Ogójì ni wọ́n fi ń yege.

Ó wá yá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àfaradà wa. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ẹ̀yìn tó máa ń dùn yín nídìí máṣíìnì ńkọ́, ṣé ẹ ń lo ìrọ̀rí tí mo fi ránṣẹ́? Bọ̀dá ọkọ yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbé ọkọ̀ wọn dé, àbí ojú títì ṣì ni ilé wọn? Àwọn oníbàárà yín ńkọ́, pàápàá ìyàwó tó ń ní kí ẹ fún aṣọ òun mọ́ra, tó sì ń sanra lójoojúmọ́? Arúgbó ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ikọ́ yẹn ti lọ pátápátá, àbí ó ṣì ń hú u ní ìdájí? Ṣé ó ṣì ń kó ọwọ́ sẹ́yìn rìn ká ṣọ́ọ̀bù bí ìyá àgbà tó wá gba owó ilé? Ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ tó bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ máa fi òòfà wá a kí ọmọ tó jí. Àyọ́ọ̀nù náà, ẹ máa gbé e sókè. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń gbé e sókè. Ẹ ṣáà máa gbé e sókè.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni máàkì yìí kàn. Ẹ sọ fún mi nínú lẹ́tà yín tó kẹ́yìn pé ilé iṣẹ́ tó ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì tún ti ní kí ẹ wá ṣe ọ̀gá àwọn agéṣọ, pé oṣù Kẹsàn-án ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, pé ẹ sì gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn kí oṣù yìí tó parí. Ìlú mìíràn ni, wọn kì í sì í gba ọmọdé sí yàrá tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹ kọ̀ fún wọn nítorí Arúgbó. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí a jọ sọ ni pé màá yege, pé ilé ìwé á fún mi ní ọ̀kan nínú àwọn yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́mọ, torí ẹni tó bá wọ ọdún kẹta láìfìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ kankan ni wọ́n ń fún. Màá wá mú ọmọ mi, ẹ̀yin á sì lọ síbi iṣẹ́ yín. Ẹ ní kí n kọ èsì ìdánwò ránṣẹ́ kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa sọ fún wọn.

Lẹ́tà yẹn ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ìbínú yín kọ́ ni mò ń sá fún. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹ ò ní bínú. Ẹ máa kàn tún kọ̀ fún wọn ni, ẹ ò sì ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ rántí pé nígbà tí mo kọ́kọ́ dárúkọ tẹmodainámíìsì nílé, ẹ ní kí n sọ ọ́ lédè tí ẹni tó jẹun kánú lè pè. Bọ̀dá ló wá sọ ọ́ ní ẹ̀kọ́ ooru. Wọ́n ní àwọn ò tíì rí ẹni tó lọ sílé ìwé gíga láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń làágùn, pé kí n wá jókòó sínú ọkọ̀ àwọn lọ́sàn-án gangan, kí àwọn fún mi níwèé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àágùn. Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà, ibi tí wọ́n ti ń se ọṣẹ, tí wọ́n ti ń fọ epo, tí wọ́n ti ń po oògùn ni a máa ṣiṣẹ́ sí. Níbẹ̀, ẹni tí kò bá mọ iye ooru tó wọ inú ìkòkò àti iye tó jáde, á sun ara rẹ̀ tàbí kó ba ọjà jẹ́. Òfin àkọ́kọ́ kò le rárá: agbára kì í sọnù, kì í sì í hù látinú òfìfo. Tí omi inú kẹ́tù bá tutù, ooru rẹ̀ ò kú, ara ògiri àti afẹ́fẹ́ yàrá ló gbà á.

Olùkọ́ wa, Baba Ààlà là ń pè é lẹ́yìn. Àgbàlagbà ni, ó gbẹ, ó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn. Ohunkóhun tí a bá bi í, á ní, “Fa ààlà ná.” Ohun tó ń sọ ni pé kí a tó sọ ohunkóhun nípa ẹ̀rọ kan, ká kọ́kọ́ fi léèdì fa ìlà yí i ká. Ohun tó wà nínú ìlà la ní lọ́wọ́. Gbogbo ayé tó kù, ìta ni. Lẹ́yìn náà la ó wá wo ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde. Ọmọ kíláàsì wa kan nawọ́ sókè lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé òun lè jáde lọ tọ̀. Baba ò tilẹ̀ yíjú. Ó ní, “Fa ààlà ná.”

Ibi ààlà yìí ni ìwé yín ti wọ ọ̀rọ̀. Ìdí kejì tí mo fi ń fà sẹ́yìn nìyẹn, torí mi ò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mò ń di ẹrù mi lé yín lórí. Ẹ rántí bí ẹ ṣe rí ìwé náà. Baba ẹlẹ́rọ tó fẹ̀yìn tì, tó rù lẹ́yìn iṣẹ́, ló kó ṣòkòtò mẹ́ta wá pé kí ẹ bá òun fún wọn mọ́ra. Ẹ ní kó má san nǹkan kan, kó ṣáà lọ wo àpótí ìwé rẹ̀ bóyá ohun tí àbúrò yín ń kọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ fi ìwé yẹn lé mi lọ́wọ́, mo fi bébà tí ẹ fi ń gé páátánì bò ó. Ìlà ọrùn ẹ̀wù ẹnìkan ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ títí di òní.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí sáà yìí bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni mo wà nítorí ara Arúgbó tó gbóná. Mo gbé ìwé náà lé orúnkún, mò ń fi aṣọ tútù nu ara ọmọ. Aṣọ á gbóná, màá rì í bọ omi. Omi inú abọ́ á lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀yin á dà á nù, ẹ á pọn òmíràn. Òfin tí mò ń kà nínú ìwé ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi: ooru ń jáde lára ọmọ, ó ń wọ aṣọ, ó ń wọ omi, kò sọnù, ó ń wá ọ̀nà gbà ni. Kí n sọ òótọ́, kò sí ìgbà kankan ní kíláàsì tí ẹ̀kọ́ náà yé mi tó ìgbà yẹn. Mo ka orí mẹ́rin. Nígbà tí ara rẹ̀ fi máa rọ̀, mo rò pé mo ti wà níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, Baba Ààlà sọ ohun kan fún kíláàsì. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò tún un sọ mọ́. Nínú ìwé yín, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá ṣe fún wa ló ń gba àmì ìròpọ̀, iṣẹ́ tí àwa bá ṣe fún ẹ̀rọ ló ń gba àmì ìyọkúrò. Baba Ààlà ń ṣe é ní òdìkejì: ohun tó bá wọ inú ààlà ni ìròpọ̀, ohun tó bá jáde ni ìyọkúrò. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ó dà bí ìgbà tí ẹ kojú sí oníbàárà tí ẹ ń wọn ejìká rẹ̀. Apá ọ̀tún yín, apá òsì tirẹ̀ ló dojú kọ. Tí ẹni tó ń pe nọ́ńbà kò bá sọ apá ta ni òun ń pè, ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ á gé aṣọ náà lódì.

Ìbéèrè kìíní nínú ìdánwò, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ni wọ́n fún wa, irú èyí tí àwọn tó ń lẹ táyà ń lò. Wọ́n ní ká wá iṣẹ́ rẹ̀. Mo ṣírò, ó di méjìlá, mo fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀ bí ìwé yín ṣe kọ́ mi: ìyẹn ni pé àwa la fún ẹ̀rọ náà ní agbára méjìlá kó tó lè ṣiṣẹ́. Lójú Baba Ààlà, ohun tí mo kọ ni pé ẹ̀rọ náà kàn jókòó, kò jẹ epo, kò jẹ iná, ó sì ń pín agbára fún aráyé.

Wọ́n lẹ èsì mọ́ ara pátákó lọ́jọ́ Ẹtì. Ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, mi ò sì wò ó jìnnà. Mo padà sí yàrá, mo fọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, mo sá wọn. Alábàágbé mi tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ wò mí títí, ó ní, “Ìbọ̀sẹ̀ yẹn ti mọ́ o.” Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, pé kí n lọ bá olùkọ́ kó fi ìwé mi hàn mí. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó lè lọ.

Ọ́fíìsì Baba Ààlà kò ju ibi tí ẹ ń kó àjákù aṣọ sí lọ. Ìwé wà lórí àga, ìwé wà lábẹ́ àga, ó sì ní kí n jókòó. Mo dúró. Ó fa ìwé ìdánwò mi yọ, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn kìíní, ó ti fi gègé pupa kọ ọ́ pé, “Tí o bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta irú ẹ̀rọ yìí, bá mi ra méjì, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún ìyàwó mi.” Mi ò rẹ́rìn-ín. Òun náà ò rẹ́rìn-ín. Mo yọ ìwé yín nínú báàgì, mo ṣí i sí ojú ìwé kejìléláàádọ́ta, mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ohun tí mo kà nìyí.”

Ó kọ́kọ́ yí i padà wo bébà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, “Ta ló ń ránṣọ?” Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó wá wo inú rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, “Ìwé yìí ni wọ́n fi kọ́ èmi náà.” Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ìwé ò purọ́, èmi náà ò purọ́. Ìwé dúró síta, ó ń bi ẹ̀rọ pé, kí lo fún mi? Èmi dúró sínú, mò ń bi í pé, kí lo gbà? Ìwọ ńkọ́, ibo lo dúró sí?”

Mo ní mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ.

“Ìdí tí mo fi ń pariwo ààlà nìyẹn. Ká ní o kọ ọ́ sókè ìwé pé ibí ni mo dúró sí, ò bá ti gba máàkì ìbéèrè yìí pé.”

Mo rò pé ó máa fún mi nígbà yẹn. Ó ṣí ìwé sí ìbéèrè kẹta, ó ní kí n fúnra mi kà á. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn ò ṣeé gbèjà. Mo mú ìdajì látinú ìwé yín, mo mú ìdajì tó kù látinú nóòtì tí mo dà kọ lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì mi, mo wá pa wọ́n pọ̀. Bí ẹni tó wọn ìbàdí oníbàárà kan, tó wọn àyà ẹlòmíràn, tó wá gé ẹ̀wù kan ṣoṣo. Àwọn àmì ti kọlu ara wọn, ìdáhùn ti ṣìnà pátápátá. Baba ní, “Níbí, o bẹ̀rẹ̀ níta, o parí sínú ilé. Ta ló ṣílẹ̀kùn fún ọ?” Ó tún ní, “Ti àkọ́kọ́, a lè pín in. Tìyí, tìrẹ ni.” Mo gbà pé tèmi ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ bá baba ẹlẹ́rọ jà nítorí ìwé rẹ̀. Ẹ má sì tú ìrán ṣòkòtò rẹ̀.

Mo sọ fún un pé ọmọ mi ṣàìsàn ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ó bi mí pé ọmọ náà ńkọ́ báyìí. Mo ní ara rẹ̀ ti yá. Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀,” kò sì yí máàkì padà. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹjọ ni a máa tún ìdánwò náà ṣe. Ó ní kí n máa wá ní àárọ̀ gbogbo Ọjọ́rú, kí n máa ṣe ìṣirò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan láti ìta bí ìwé yín, lẹ́ẹ̀kan láti inú bíi tirẹ̀, títí méjèèjì á fi bára mu. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣe mẹ́jọ, méje bára mu. Ó ní ìkẹjọ yẹn ni ká jọ jókòó tì.

Bí mo ṣe ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo dúró sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń lẹ táyà nígun òpópónà wa, mò ń wo ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ń gbọ̀n, páìpù rẹ̀ gbóná débi pé mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin náà ní, “Àǹtí, táyà dà?” Mo ní mi ò ní táyà, pé ìdánwò tí mo ṣe lórí irú ẹ̀rọ yìí ni mo ti fìdí rẹmi. Ó bi mí pé kí ni mo kọ. Mo ní ohun tí mo kọ túmọ̀ sí pé kì í jẹ epo. Ó gbé gálọ̀nù òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sókè, ó mì í sí mi. “Èmi tí mo mọ̀ pé ó ń jẹ epo yìí, wọn ò kúkú fún mi níwèé ẹ̀rí.” Àwọn tó jókòó níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mi ò mọ èwo ni mo jẹ́ nínú méjèèjì, nítorí náà mo ti wo ibi méjèèjì. Ohun tí mo rí lẹ́yìn ni ọjọ́ tí mo wá kẹ́yìn, tí Arúgbó sá sẹ́yìn máṣíìnì yín, tó ní, “Màmá, Àǹtí kan ti dé.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kó wá kí ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi bí ẹni tó ń kí àlejò. Nígbà tí ẹ ń kọrin fún un kó lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ gbé e fún mi láàárín orin, ẹ sì lọ fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ohun tí mo rí níwájú ni mo fẹ́ sọ. Tí mo bá yege nínú àtúnṣe yìí, ilé ìwé á fún mi ní yàrá, torí ìparí oṣù Kẹjọ ni wọ́n tó máa pa ìwé orúkọ àwọn tó ń gba yàrá dé. Màá wá mú Arúgbó. Tí mi ò bá yege, màá wá mú un bákan náà. Mo ti bá ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn á gbà mí fún gbogbo ọjọ́, yàrá kan sì wà lẹ́yìn wọn tí fèrèsé rẹ̀ ṣeé tì. Mo ti dán an wò, ó ṣeé tì. Màá dá ilé ìwé dúró fún ọdún kan, màá sì padà. Bàbá Arúgbó ṣì wà lórí ọkọ̀ ojú omi, kò tíì gbọ́. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní parọ́ fún yín. Mi ò mọ oúnjẹ tó ń jẹ báyìí, mi ò mọ orin tó fi ń sùn. Ó lè sunkún yín fún oṣù kan. Ṣùgbọ́n mo ti fa ààlà, Ẹ̀gbọ́n mi. Arúgbó wà nínú rẹ̀, bí ìdánwò bá lọ síbí, bó bá lọ sọ́hùn-ún. Ẹ ò ní láti dúró de èsì mi mọ́. Iṣẹ́ yín ò sí lọ́wọ́ Baba Ààlà.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá tí wọ́n bá dé. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti ń làágùn dáadáa. Ẹ bá mi kí ìyàwó tó ń sanra, àti baba ẹlẹ́rọ. Ẹ sọ fún baba pé ìwé rẹ̀ kò tíì sùn láti ìgbà tó ti dé ọwọ́ mi. Ẹ gbé Arúgbó lé ẹsẹ̀, kí ẹ ka orúkọ tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí sí i létí, kó máa gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó dá mi lóhùn, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ yẹn pé ẹ̀ ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tètè kọ̀wé sí mi pé ẹ ti kọ ọ́.

                                                  Èmi àbúrò yín,
                                                  Ìyá Arúgbó.